Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Sàláàdì Èso àti Wàrà Nígbà Ooru

Láti ìgbà tí ooru ti gbòde ní Abuja àti káàkiri Òkè Ọya ni lẹ́tà lórí sàláàdì èso ti ń ya wọlé sí wa. Púpọ̀ nínú yín ló ti dán an wò pẹ̀lú wàrà, a sì rí i pé ibì kan náà ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ yín lọ́wọ́: ẹ ń jẹ́ kí èso àti wàrà tètè pàdé jù. Ẹ jẹ́ kí kálukú wọn wà lọ́tọ̀ títí ẹ ó fi gbé abọ́ síwájú ẹni tó fẹ́ jẹun, ìdajì wàhálà ti tán nìyẹn. Ìdí rẹ̀ wà nínú àwọn ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ṣe sàláàdì èso tó ní wàrà nínú fún èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjì. Wàràkàṣì òyìnbó ni gbogbo ẹni tó ń ṣe é ń dárúkọ, owó rẹ̀ sì ju agbára wa lọ. Ṣé wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà lè ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tò ó fún mi látòkèdélẹ̀.
*Ìyá Ìbejì, Kubwa*

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ìbejì. Wàrà ṣe é, ó sì dùn ún jẹ. Feta ni wàràkàṣì tí àwọn ará Gíríìsì máa ń fi sí irú sàláàdì yìí. Mílíìkì àgùntàn ni wọ́n fi ń ṣe é, nígbà mìíràn wọ́n á fi ti ewúrẹ́ díẹ̀ lú u, wọ́n á sì fi í pamọ́ sínú omi iyọ̀ fún oṣù 2 ó kéré tán. Ohun tó fi ju wàrà tiwa lọ nínú abọ́ sàláàdì ni iyọ̀ àti kíkan díẹ̀. Iyọ̀ wà nílé yín, ọsàn wẹ́wẹ́ á sì pèsè kíkan.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ ra wàrà tútù tó wọn gíráàmù 250. Ẹ gé ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí méjì. Ẹ gbé omi lítà 1 kaná, ìyẹn píọ̀ wọ́tà 2, kí ẹ sì bu iyọ̀ ṣíbí ìjẹun 3 sí i. Kí orí ṣíbí náà tẹ́, kó má ga gègèrè. Nígbà tó bá ń hó, ẹ kó wàrà sínú rẹ̀, kí òun náà hó fún ìṣẹ́jú 5. Híhó yìí ń pa kòkòrò àrùn tí wàrà ti kó láti inú omi igbá àti láti ọwọ́ gbogbo ẹni tó ti gbà á kọjá, ó sì ń la ọ̀nà fún iyọ̀ láti wọlé. Ẹ jẹ́ kí wàrà àti omi iyọ̀ náà jọ tutù, ẹ dà wọ́n sínú abọ́ onídèérí, kí ẹ gbé e sínú fìríìjì di ọjọ́ kejì. Wàrà kì í yọ́ nínú omi gbígbóná bí wàràkàṣì inú páálí ṣe máa ń yọ́, nítorí náà ẹ má fòyà.

Fún ènìyàn 4, ẹ ó nílò bàrà olómi, èyí tó pupa nínú tí ọ̀pọ̀ ń pè ní wọ́tàmẹ́lọ̀n, kílò 1 lẹ́yìn tí ẹ bá ti bó o. Ìdá kan nínú mẹ́rin bàrà tó wọn nǹkan bíi kílò 6 máa ń tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá máńgòrò 2 tó ti pọ́n ṣùgbọ́n tí kò tíì rọ̀, kùkúńbà 1, ààbọ̀ àlùbọ́sà pupa kékeré, ewé mínǹtì ẹ̀kúnwọ́ kan, ọsàn wẹ́wẹ́ 3, òróró ẹ̀pà tàbí ti ólífì ṣíbí ìjẹun 2, oyin ṣíbí tíì 1, àti ata gígún díẹ̀. Bí ẹ bá ń wá mínǹtì ní ọjà Wuse tàbí Utako, ẹ béèrè na'a na'a lọ́wọ́ àwọn Hausa tó ń ta ewébẹ̀, wọ́n á mọ ohun tí ẹ ń sọ. Tí kò bá sí, ẹ lè lo efinrin, ṣùgbọ́n kí ó má ju ewé 4 tàbí 5 lọ, torí òórùn rẹ̀ lágbára, ó sì lè bo adùn èso mọ́lẹ̀.

Ẹ fọ èèpo bàrà, máńgòrò àti kùkúńbà lábẹ́ omi tó ń ṣàn kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kàn wọ́n, bí ẹ bá tilẹ̀ máa bó wọn. Ọ̀bẹ ló máa ń gbé ìdọ̀tí èèpo wọnú ẹran èso. Ẹ gé bàrà sí ègé tó fẹ̀ tó ìka méjì, ẹ kó o sínú asẹ́, kí omi ro kúrò lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ la kùkúńbà sí méjì lóòró, ẹ fi ṣíbí ha ibi tí hóró wà dànù, torí ibẹ̀ ni omi rẹ̀ pọ̀ sí, kí ẹ wá rẹ́ ìyókù. Ẹ rẹ́ àlùbọ́sà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún ìṣẹ́jú 10 kí títa rẹ̀ dínkù. Máńgòrò ò fẹ́ àlàyé púpọ̀: ẹ gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kúrò lára kóró, kí ẹ bó o, kí ẹ sì gé e bíi ti bàrà.

Ẹ yọ wàrà nínú omi iyọ̀, ẹ ṣàn án, ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ tẹ omi ara rẹ̀ gbẹ, ẹ tọ́ ọ wò. Bí iyọ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lásán fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ gé e kéré díẹ̀ sí èso.

Nínú ìgò onídèérí, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó kún ṣíbí ìjẹun 3, ẹ fi oyin sí i, ẹ mì í títí oyin á fi yọ́, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó da òróró sí i. Bí ẹ bá kọ́kọ́ da òróró pọ̀ mọ́ oyin, oyin á kàn dì mọ́ ìdí ìgò ni, kò ní yọ́. Ẹ má fi iyọ̀ sí i mọ́, ti ara wàrà ti tó.

Nígbà tí gbogbo yín bá ti jókòó, ẹ da èso, kùkúńbà àti àlùbọ́sà sínú abọ́ ńlá, ẹ da omi ọsàn inú ìgò lé e lórí, ẹ yí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Ẹ fi ọwọ́ ya mínǹtì sí i, ẹ wọ́n ata gígún, kí ẹ wá to wàrà sí orí rẹ̀. Ẹ má rò ó pọ̀ lẹ́yìn tí wàrà bá ti wọ̀ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wàrà á rún, omi pupa bàrà á sì pa á láró. Bí àwọn ìbejì kò bá fẹ́ràn wàrà tútù, ẹ dín in: kí ara rẹ̀ gbẹ dáadáa kí ó má baà ta òróró sí yín lójú, kí òróró gbóná, ìṣẹ́jú 2 sí 3 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó pọ́n bí àkàrà, kí ó tutù díẹ̀ kó tó wọ orí èso.

Mo gé ọ̀pẹ̀yìnbó àti wàrà papọ̀ ní alẹ́, mo gbé e sínú fìríìjì. Nígbà tí mo máa ṣí i ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wàrà ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, ó sì korò. Ọjọ́ tí mo gé e gan-an ni mo ra wàrà náà. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?
*Àǹtí Bọ́lá, Gwarinpa*

Àǹtí, ẹ má bá oníwàrà jà. Ọ̀pẹ̀yìnbó ló ṣe é. Èròjà kan wà nínú ọ̀pẹ̀yìnbó tútù tó ń jẹ́ bromelain, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa gé amúaradàgbà sí wẹ́wẹ́. Amúaradàgbà inú mílíìkì ló so wàrà pọ̀ tó fi dì. Bí wọ́n bá ti ń gé e báyìí, wàrà á rọ̀, àwọn ègé kéékèèké tó sì jáde lára amúaradàgbà ló ń korò lẹ́nu. Gbogbo ìyá tó ti fi ìbẹ́pẹ dúdú rọ ẹran tó le ti rí irú iṣẹ́ yìí rí: ohun tó ń rọ ẹran yẹn náà ló fẹ́ rọ wàrà.

Fìríìjì kì í dá a dúró, ó kàn ń fà á sẹ́yìn ni. Iná ló ń pa á. Ẹ gé ọ̀pẹ̀yìnbó sí ègé kéékèèké, ẹ kó o sínú ìkòkò pẹ̀lú omi tó jáde lára rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó hó díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kí ooru wọ ègé kọ̀ọ̀kan dé àárín. Ẹ sẹ́ omi rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá. Èyí tí a fẹ́ràn jù ni kí ẹ rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́, kí ẹ yan án lórí páànù gbígbẹ, ìṣẹ́jú 3 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣúgà ara rẹ̀ á pọ́n, adùn rẹ̀ á jinlẹ̀ sí i, ó sì bá wàrà oníyọ̀ mu gan-an. Ẹ wo àárín ègé tó nípọn jù: bí ó bá ṣì tutù nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ kò tíì parí. Ọ̀pẹ̀yìnbó inú agolo ti jẹ iná ní ilé iṣẹ́, kò lè ba wàrà jẹ́, àmọ́ ẹ sẹ́ omi ṣúgà rẹ̀ dànù.

Tó bá jẹ́ pé tútù ni ẹ fẹ́ ọ̀pẹ̀yìnbó yín, kò burú, ẹ kàn jẹ́ kí ó pàdé wàrà nínú àwo ìjẹun. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ fi ń jẹun, ẹ kò ní rí àyípadà kan. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i, kí ó ju ègé wàrà kan sínú omi ọ̀pẹ̀yìnbó tútù, kí ó ju òmíràn sínú omi ọ̀pẹ̀yìnbó tó ti hó tó sì ti tutù. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, igun ti àkọ́kọ́ á ti máa yòrò, ọwọ́ yín á máa yọ̀ lára rẹ̀, èkejì á sì dúró bí ẹ ṣe fi í síbẹ̀.

Ìbẹ́pẹ náà ní irú èròjà yìí. Inú oje ìbẹ́pẹ dúdú ló pọ̀ sí, èyí tó pọ́n kò ní púpọ̀, síbẹ̀ ẹ má jẹ́ kí òun àti wàrà sùn pọ̀. Atalẹ̀ tútù náà wà nínú ẹgbẹ́ wọn, nítorí náà ẹni tó bá ń rin atalẹ̀ sí omi ọsàn rẹ̀, kí ó má dà á sórí wàrà títí dìgbà tó bá fẹ́ jẹun. Bàrà, máńgòrò, ọsàn àti gúáfà kì í ba wàrà jẹ́ lọ́nà yìí.

Àwẹ̀ ni a wà, mo sì ń ṣe sàláàdì èso fún ìṣínu. Bí mo bá gé e ní aago 4, tí ó bá fi máa di nǹkan bí aago 6 ààbọ̀ tí a ó ṣínu, omi ti kún ìdajì abọ́, èso á ti fẹ́lẹ́ bí ohun tí wọ́n fún. Kí ni mo lè ṣe sí i?
*Alhaja, Minna*

Kí Ọlọ́run gba àwẹ̀ yín, Alhaja. Ó dájú pé ẹ ń fi ṣúgà tàbí iyọ̀ sí i ní aago 4 yẹn. Méjèèjì máa ń fa omi jáde lára èso. Bí wọ́n bá ti balẹ̀ sára ojú ibi tí ọ̀bẹ ti kọjá, omi inú èso á máa sáré jáde lọ bá wọn, kò sì ní dúró títí ẹ ó fi jẹun. Wàrà oníyọ̀ ń ṣe bákan náà, oyin pẹ̀lú.

Ẹ lè gé èso ní aago 4 o, ṣùgbọ́n ẹ kó bàrà sínú asẹ́, kí ẹ gbé asẹ́ náà lé abọ́, kí ẹ bò ó, kí ẹ gbé e sínú fìríìjì bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tó bá ro jáde á bọ́ sínú abọ́ ìsàlẹ̀, èso á sì wà lókè, ara rẹ̀ á gbẹ. Omi tó bá ro sísàlẹ̀ yẹn, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ fi ṣínu. Kí máńgòrò wà nínú abọ́ tirẹ̀, kí wàrà wà nínú tirẹ̀, kí omi ọsàn wà nínú ìgò. Ìgbà tí wọ́n bá pe ìrun, tí ẹ sì ti fi dàbínù ya ẹnu, ni kí ẹ tó dà wọ́n pọ̀. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹ tún wo ọ̀bẹ yín. Ọ̀bẹ tí kò mú máa ń tẹ èso fọ́ ni, kì í gé e, omi ibi tó tẹ̀ sì ń dà láìdúró. Ẹ gé èso ní ègé ńlá: bí ègé bá ṣe kéré tó ni ojú tí omi á gbà jáde ṣe pọ̀ tó. Àyíká hóró nínú bàrà ló máa ń tètè dà omi, ẹ yọ ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún mímu, kí ẹ fi ibi tó dì jù ní àárín ṣe sàláàdì. Ní ti adùn, ẹ fi ṣúgà sílẹ̀ pátápátá. Ẹ yọ kóró dàbínù 6, ẹ rẹ́ ẹ sí tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ wọ́n ọn sí orí rẹ̀ ní ìkẹyìn. Dàbínù àti wàrà oníyọ̀ bá ara wọn mu ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Níbi tí a ń gbé ní Kano, àwàrá tí wọ́n fi sóyà ṣe ló pọ̀, wàrà mààlúù ṣọ̀wọ́n. Mo po mílíìkì lẹ́búlẹ́bú, mo fún omi ewé bòmubòmu sí i bí ìyá àgbà wa ní Ìlọrin ṣe máa ń ṣe, kò dì. Kí ló fà á?
*Ẹni yín, Sabon Gari, Kano*

Mílíìkì tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ara mààlúù wá ni ìyá àgbà lò. Mílíìkì lẹ́búlẹ́bú ti jẹ iná púpọ̀ kó tó di lẹ́búlẹ́bú, iná yẹn sì ti yí amúaradàgbà rẹ̀ padà débi pé bòmubòmu kò lè so ó pọ̀ dáadáa mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, a kò gba ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà níyànjú láti máa fún oje bòmubòmu. Májèlé ni oje náà ní tútù, bí ó bá sì ta sí ojú, ó lè ṣe ojú léṣe gidigidi. Ẹ lo ọsàn wẹ́wẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ lára mílíìkì tútù àti ti lẹ́búlẹ́bú.

Ẹ wá mílíìkì tútù lítà 2 lọ́wọ́ Fúlàní tí ẹ mọ̀, tàbí kí ẹ po mílíìkì lẹ́búlẹ́bú gíráàmù 260 sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ lítà 2. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀: èyí tí wọ́n fi òróró ewéko rọ́pò ọ̀rá mílíìkì máa ń rún, ẹ wá ojúlówó ọlọ́ràá. Ẹ gbé e ka iná tí kò le, ẹ máa fi ṣíbí onígi ro ìdí ìkòkò kó má jóná, títí yóò fi hó. Ẹ pa iná, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 2. Ẹ po omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun 4 mọ́ omi lásán ṣíbí 4, kí ẹ máa dà á sí mílíìkì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó jẹ́jẹ́. Ẹ ó rí i tó ń ṣù. Ìgbà tí omi àárín rẹ̀ bá mọ́ tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ bí omi ọ̀rọ̀mbó, ẹ dáwọ́ dúró. Bí omi náà bá ṣì funfun, ṣíbí ọsàn kan sí i ló kù.

Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ dà á sínú aṣọ funfun tó wà lórí asẹ́, ẹ fi omi tútù ṣàn án kí kíkan ọsàn lọ. Ẹ di aṣọ náà, kí ẹ gbé ìkòkò tó ní omi lítà 2 lé e fún wákàtí kan. Mílíìkì tútù lítà 2 máa ń fún yín ní nǹkan bíi gíráàmù 300. Bí wàrà yín bá ń nà bí rọ́bà, ohun tó fà á ni pé ẹ jẹ́ kí ó máa hó lọ lẹ́yìn tó ti dì. Bí ó bá rún, ẹ rò ó jù tàbí ẹ kò tẹ̀ ẹ́ pẹ́ tó.

Ní ti àwàrá, ẹni tí mílíìkì kì í bá lára mu lè fi rọ́pò wàrà nínú sàláàdì yìí láìsí ìyọnu. Kí ẹ dín in tàbí kí ẹ sè é nínú omi iyọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, torí adùn tirẹ̀ kò tó nǹkan.

Oyún oṣù márùn-ún wà nínú mi. Ṣé mo lè jẹ wàrà tí mo rà lórí igbá, pẹ̀lú èso tí wọ́n ti gé sínú rọ́bà lójú títì?
*Ìyàwó ilé, Nyanya*

Ẹ má jẹ wàrà náà bí wọ́n ṣe tà á fún yín. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Listeria tó lè wà nínú wàrà rírọ̀, ó sì lè ba oyún jẹ́ bí ìyá kò tilẹ̀ mọ̀ ju pé ara òun gbóná lọ. Iná ń pa á. Ẹ sè wàrà náà nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 5 nílé, kí ẹ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ wàràkàṣì inú páálí, ẹ rí i pé wọ́n kọ pasteurised sí i lára, ìyẹn ni pé wọ́n ti fi iná pa kòkòrò inú mílíìkì rẹ̀. Èso tí wọ́n ti gé sínú ooru lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Odidi èso ni kí ẹ rà, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ gé e fúnra yín. Wàrà tó bá ń yọ̀ lọ́wọ́, tó ń hó fọ́ọ̀mù, tàbí tó ní àwọ̀ pupa tàbí ofeefee níbi kan, kódà bí ẹ bá sè é, kò ṣe é jẹ mọ́.

Ọjọ́ ìbí ìyá wa ń bọ̀, a ń retí èèyàn 50 ní Lugbe. A fẹ́ gbé sàláàdì yìí kalẹ̀ kí jọ̀lọ́ọ̀fù tó jáde. Ìwọ̀n wo ni kí a rà, báwo ni kò ṣe ní bàjẹ́ nínú ooru?
*Àwọn ọmọ Màmá, Lugbe*

Ẹ kú oríire o, Màmá á pẹ́ fún yín. Nítorí pé oúnjẹ mìíràn ń bọ̀, gíráàmù 200 èso fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ti tó, ìyẹn kílò 10 tó ti di gígé. Bàrà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó kílò 5 á fún yín ní nǹkan bíi kílò 6, torí èèpo ń kó èyí tó pọ̀ lọ. Ẹ ra máńgòrò kílò 4, èyí tí ẹ ó rí gé lára rẹ̀ á tó kílò 2 ààbọ̀, kí kùkúńbà jẹ́ kílò 1 ààbọ̀. Wàrà kílò 2. Ọsàn wẹ́wẹ́ nǹkan bí 20, omi rẹ̀ á kún ife kan dáadáa, òróró ife kan tó dín díẹ̀, oyin ṣíbí ìjẹun 2. Ọjà èso Zuba dára fún irú ọjà púpọ̀ báyìí, àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ, kí oòrùn má tíì pa èso. Ẹ yan bàrà tó wúwo ju bí ó ṣe tóbi lọ, tí ibi tó fi sùn sílẹ̀ ti di ofeefee. Bí ibẹ̀ bá ṣì funfun, wọ́n tètè já a ni.

Ní ti ooru, èso tó ti di gígé àti wàrà kò gbọdọ̀ ju wákàtí 2 lọ níta, bí ooru bá sì ti kọjá ìwọ̀n 32 lórí sẹ́ńtígíréèdì, wákàtí 1 péré ni. Nínú oṣù kẹta, ooru Abuja máa ń tó 37, nítorí náà wákàtí 1 ni tiyín. Ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín in sí ọ̀nà márùn-ún: èso kílò 2 àti wàrà gíráàmù 400 nígbà kọ̀ọ̀kan. Kí èyí tó kù wà nínú kúlà tó ní yìnyín, èso nínú rọ́bà onídèérí, wàrà nínú tirẹ̀. Yìnyín náà kò gbọdọ̀ kan oúnjẹ, torí kì í ṣe gbogbo omi tí wọ́n fi ń ṣe é ló ṣe é mu. Abọ́ tí ẹ bá gbé sórí tábìlì, ẹ gbé e sínú abọ́ tó tóbi jù ú lọ tó kún fún yìnyín. Bí ọ̀kan bá tán, ẹ gbé abọ́ mímọ́ mìíràn jáde, ẹ má da tuntun lé ajẹkù.

Ẹ lè gé bàrà àti máńgòrò lálẹ́ bí fìríìjì yín bá tutù dáadáa tí iná sì dúró. Tí iná kò bá ṣe é gbọ́kàn lé, òwúrọ̀ ni kí ẹ gé e.

Máńgòrò tí mo ra pọ́n yòò láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo gé e, inú rẹ̀ le, ó sì kan. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé.
*Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Karu*

Kábáìdì ni wọ́n máa ń fi sí irú rẹ̀. NAFDAC ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé kí ẹnikẹ́ni má fi kábáìdì mú èso pọ́n, torí ó máa ń ní àwọn ohun olóró bí arsenic nínú. Èèpo nìkan ló ń sáré pọ́n, inú kò bá a lọ. Máńgòrò tó pọ́n fúnra rẹ̀ kì í ní àwọ̀ kan ṣoṣo látòkèdélẹ̀, òórùn rẹ̀ sì máa ń jáde níbi ìdí igi rẹ̀. Ra èyí tó ti gbó ṣùgbọ́n tó ṣì ní àwọ̀ ewé, kí o di í sínú bébà pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pípọ́n kan. Láàárín ọjọ́ 2 sí 4, ó ti ṣe é gé. Má kó o sí fìríìjì kó tó pọ́n, òtútù á dá a dúró.

Bàbá wa ní àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé wọ́n lè bá wa jẹ nínú rẹ̀?
*Ọmọ wọn, Kaduna*

Wọ́n lè jẹ díẹ̀, kí dókítà tó ń tọ́jú wọn sì mọ̀ sí i. Ẹ ṣe abọ́ tiwọn lọ́tọ̀: kí kùkúńbà àti gúáfà pọ̀ jù níbẹ̀, kí bàrà kéré, kí máńgòrò má ju ègé mélòó kan lọ, kí gbogbo rẹ̀ má kọjá ife kan. Kò sí oyin, kò sí dàbínù. Kí wàrà tiwọn hó nínú omi lásán láìsí iyọ̀ rárá, ọsàn wẹ́wẹ́, àlùbọ́sà àti ata á fún un ní adùn tó tó.

Sitirọ́bẹ́rì ti wà lọ́jà wa ní Jos. Ṣé ó bá wàrà lọ? Tiwa máa ń jẹrà ní ọjọ́ kejì tí a bá ti rà á.
*Màmá Tóyìn, Jos*

Ó bá a lọ púpọ̀, ẹ̀yin ará Jos sì ríire tí ẹ ń rí i ní tútù nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ó dájú pé ẹ ń fọ̀ ọ́ kí ẹ tó kó o pamọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ ṣa èyí tó ti fọ́ kúrò, ẹ tò ó ní ìpele kan ṣoṣo sórí tíṣù gbígbẹ nínú abọ́, kí ẹ gbé e sínú fìríìjì. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ewé orí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń fọ̀ ọ́, torí bí ẹ bá ti yọ ọ́, omi á gba ojú ihò rẹ̀ wọlé, adùn rẹ̀ á sì dà. Ẹ là á sí méjì, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, kí wàrà díndín tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ̀lé e.